Ojú Kojú: Bí A Ṣe Ń Yẹ Kọnẹ́kítọ̀ Fáíbà Wò

Bí ẹ bá ki kọnẹ́kítọ̀ fáíbà méjì bọ inú adápítọ̀, kò sí ohun tó dè wọ́n pọ̀ níbẹ̀ bí a ṣe ń so wáyà iná. Gíláàsì méjì ló kojú ara wọn, tí wọ́n sì fara kanra. Fáíbà single-mode, èyí tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé, gíláàsì rẹ̀ fẹ̀ tó 125 µm péré. (µm kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún milimítà.) Àárín gíláàsì yìí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, tí a ń pè ní core, kò ju nǹkan bíi 9 µm lọ, ìyókù tó yí i ká ni cladding. Eruku kan ṣoṣo tí ojú lásán kò rí tó láti bo core náà mọ́lẹ̀.

Core ti ọ̀tún gbọ́dọ̀ kojú core ti òsì gérégé. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń sọnù. A fi fáíbà G.652, irú single-mode kan tó wọ́pọ̀, ṣírò rẹ̀ ní 1310 nm (gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀), níbi tí ìmọ́lẹ̀ inú fáíbà náà ti fẹ̀ tó 9.2 µm. Bí core méjì bá fi 0.5 µm yẹ̀ síra wọn, 0.05 dB ló lọ (dB ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó sọnù). Bí ó bá jẹ́ 1 µm, 0.2 dB ni. Ní 2 µm, ó di 0.8 dB, ní 3 µm, 1.85 dB. Ẹ kíyè sí i pé bí yíyẹ̀ náà bá di ìlọ́po méjì, àdánù rẹ̀ ń di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè fojú kéré 1 µm.

Ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ mọ̀ láti ọjọ́ kìíní: máíkírósíkóòpù kì í fi yíyẹ̀ hàn. Àwòrán tó ń gbé jáde kò ju apá kékeré kan ní àárín ojú kọnẹ́kítọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó ń mú fáíbà méjì kojú ara wọn wà lẹ́yìn òde àwòrán yẹn. Ferrule ni, òpó sẹ̀rámíìkì funfun tí fáíbà wà ní àárín rẹ̀, àti àkọ̀ tó wà nínú adápítọ̀ tó gbá ferrule méjèèjì mú. Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni àyẹ̀wò pín sí: ẹ fi ojú wo ara kọnẹ́kítọ̀ àti àkọ̀, ẹ fi máíkírósíkóòpù wo ojú fáíbà, lẹ́yìn náà ẹ fi power meter, mítà tó ń wọn agbára ìmọ́lẹ̀, wọn bí wọ́n ṣe kojú ara wọn. Ẹni tó bá fo ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò máa pààrọ̀ patch cord (okùn fáíbà kúkúrú tó ní kọnẹ́kítọ̀ lórí méjèèjì) tó dára láìrí ibi tí ìṣòro wà.

Ẹ kọ́kọ́ dáàbò bo ojú yín

Ìmọ́lẹ̀ inú fáíbà kì í ṣe èyí tí ojú ènìyàn lè rí. GPON, ètò tó ń fi fáíbà gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé, ń fi 1490 nm ránṣẹ́ sí ilé oníbàárà, ó sì ń gba 1310 nm padà. Níbi tí wọ́n bá fi tẹlifíṣọ̀n kún un, ó wà ní 1550 nm, ẹ̀rọ tó ń fún ìmọ́lẹ̀ lágbára sì lè wà lẹ́yìn rẹ̀. OLT kan lásán (ẹ̀rọ GPON tó wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì), irú ti Class B+, ń tú ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín +1.5 sí +5 dBm (òṣùwọ̀n agbára ìmọ́lẹ̀). Ẹ kò ní rí nǹkan kan, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ ó lè ba ojú jẹ́. Máíkírósíkóòpù tí a ń gbé ojú lé tún burú sí i, nítorí pé ó ń kó ìmọ́lẹ̀ náà jọ sínú ojú.

Kí ẹ tó wo ohunkóhun, ẹ fi power meter kan ẹnu fáíbà náà. Bí ó bá ka ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa ẹ̀rọ tó wà lódìkejì, tàbí kí ẹ yọ fáíbà náà kúrò níbẹ̀. A kì í gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu pé “wọ́n ti pa á”. Máíkírósíkóòpù oníkámẹ́rà, tó ń gbé àwòrán sórí ìbòjú, ló sàn jù, torí pé ojú kò sí lójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ rárá.

Ohun tí ẹ máa nílò

Máíkírósíkóòpù oníkámẹ́rà tó ń mú nǹkan tóbi tó ìlọ́po 400, pẹ̀lú ẹnu tó bá kọnẹ́kítọ̀ yín mu: ọ̀kan fún ferrule 2.5 mm (kọnẹ́kítọ̀ SC, FC, ST), ọ̀kan fún 1.25 mm (LC), àti ẹnu tó dagun fún APC, kọnẹ́kítọ̀ tí wọ́n gé ojú rẹ̀ dagun. Pẹ́ẹ̀nì ìnu-fáíbà méjì, 2.5 mm àti 1.25 mm, irú èyí tí ẹ ń tì tí yóò dún “kọ́”. Aṣọ ìnu tí kì í tú òwú. Ọtí isopropyl tó tó 99%, nínú ìgò tí ìdérí rẹ̀ ń dé dáadáa. Spírítì ilé oògùn kò bá iṣẹ́ yìí mu: omi wà nínú rẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ní àwọ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ń ṣẹ́ kù sójú gíláàsì nígbà tó bá gbẹ. Ẹ tún mú iná tọ́ọ̀ṣì kékeré, power meter àti orísun ìmọ́lẹ̀ tó ní 1310 àti 1550 nm, patch cord àwòkọ́ṣe kan tí a kì í lò fún nǹkan mìíràn, iná pupa tí a ń pè ní VFL, àti adápítọ̀ tuntun méjì tàbí mẹ́ta. Adápítọ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, òun gan-an sì ni ìdáhùn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ara kọnẹ́kítọ̀ àti àkọ̀ rẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀. Ní single-mode, búlúù ni UPC, àwọ̀ ewé ni APC. Ojú UPC yípo díẹ̀ bí ẹ̀yìn síbí. Ojú APC yípo bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n gé e dagun ní dígírì 8 kí ìmọ́lẹ̀ tó bá fẹ́ padà sẹ́yìn má baà bọ́ sínú core. Bí ẹ bá ki APC bọ UPC, SC náà yóò wọlé, yóò sì dún “kọ́” bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe. Ṣùgbọ́n core méjèèjì kò ní fara kanra. Afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn, dB mélòó kan á lọ, ìmọ́lẹ̀ á sì máa padà sẹ́yìn. Etí APC tún lè ṣá ojú UPC lọ́gbẹ́. Kí ẹ má sì gbà pé àwọ̀ adápítọ̀ bá ohun tó wà lẹ́yìn páńẹ́ẹ̀lì mu. Ẹ fi máíkírósíkóòpù wò ó: bí ẹnu tí kò dagun bá ń fi apá kan hàn kedere tí apá kejì ṣókùnkùn tàbí rú, APC lẹ ń wò.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ferrule náà, kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan. Ẹ̀gbẹ́ yìí ni àkọ̀ ń gbá mú. Bí gọ́ọ̀mù bá gbẹ sí i, tàbí tí ọ̀rá ọwọ́ àti eruku bá dì mọ́ ọn, àkọ̀ náà yóò gbé ferrule sí ẹ̀gbẹ́ kan, core yóò sì yẹ̀. Àwọn ènìyàn ń nu ojú fáíbà ní ìgbà mẹ́wàá, wọn kò sì nu ẹ̀gbẹ́ ferrule lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi aṣọ tí ẹ ta ọtí sí yí i ká, kí ẹ sì fà á láti ìdí wá sí orí.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìdérí tó mọ́ rọra tẹ ferrule wọlé. Ó yẹ kí ó sún sẹ́yìn, kí sípíríǹgì inú rẹ̀ sì tì í padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Sípíríǹgì yìí ló ń fi agbára mú gíláàsì méjì fara kanra. Bí ferrule bá há, tí kò padà, gọ́ọ̀mù ti wọ inú rẹ̀, tàbí sípíríǹgì ti kú. Kọnẹ́kítọ̀ yẹn kò ní fara kan èkejì bó ti wù kí ojú rẹ̀ mọ́ tó.

Ó kan àkọ̀. Ti single-mode máa ń jẹ́ sẹ̀rámíìkì, ó sì ní ihò gígùn kan ní ẹ̀gbẹ́ tí ó fi lè ṣí díẹ̀ kí ó sì gbá ferrule mú. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu kan adápítọ̀, kí ẹ sì wo ẹnu kejì. Ìlà kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ rí. Bí ẹ bá rí ìlà kejì, àkọ̀ náà ti sán. Àkọ̀ tó sán kì í gbá ferrule mú dọ́gba, kọnẹ́kítọ̀ yóò sì máa yí padà ní gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá fọwọ́ kan okùn náà. Ohun tó ń fa sísán rẹ̀ ni kí a ki ferrule wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí a máa yí i bí ẹni ń de síkúrù. Ó gbọ́dọ̀ wọlé tààrà. Ẹ tún fọwọ́ wò bí ó ṣe ń mú: ferrule yẹ kí ó há díẹ̀ bí ẹ ṣe ń kì í bọ̀ ọ́. Bí ó bá ń yọ̀ wọlé tí ó ń yọ̀ jáde láìsí ìfaradà kankan, ẹ pààrọ̀ adápítọ̀ náà. Owó rẹ̀ kò tó owó ìrìnàjò ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ní ti FC, ìṣòro kan wà tó jẹ́ tirẹ̀: etí kékeré tó wà lára kọnẹ́kítọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sínú àlàfo adápítọ̀ kí ẹ tó de nọ́ọ̀tù. Bí kò bá jókòó, nọ́ọ̀tù ń de, àmọ́ ferrule dúró sẹ́yìn. Etí yìí ní iṣẹ́ pàtàkì mìíràn tí a ó dé láìpẹ́.

Ojú fáíbà lábẹ́ máíkírósíkóòpù

Ẹ wo ojú náà kí ẹ tó nu ohunkóhun. Bí ẹ bá kọ́kọ́ nù ún, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tàbí ọgbẹ́, ẹ sì lè fi eruku yanrìn ha gíláàsì tí kò ní nǹkan ṣe.

Ẹ yí ìdojúkọ títí etí cladding yóò fi mú bí etí owó ẹyọ. Ní àárín òbìrìkítí 125 µm yẹn, ẹ ó rí core bí àmì kékeré tó yàtọ̀ ní àwọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí i dáadáa, kí ẹnìkan tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí kejì fáíbà náà. Core yóò tàn. Ìgbà náà ni ẹ lè rí bóyá ó wà ní àárín cladding, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi ojú ṣe ìdájọ́ ìdá µm. Fáíbà G.652.D gbà kí core yẹ̀ kúrò ní àárín cladding tó 0.6 µm, ojú yín kò sì lè rí ìyẹn.

Ìlànà àgbáyé tí a ń lò, IEC 61300-3-35, pín ojú fáíbà sí agbègbè. Fún single-mode nínú ẹ̀dà 2015, tí ẹ̀dà 2022 ti rọ́pò, A ni àárín títí dé 25 µm. B ni cladding tó yí i ká. C ni ibi tí gọ́ọ̀mù wà. D ni sẹ̀rámíìkì tó yí i ká. Ní UPC, agbègbè A kò gba ìlà, kò gba ọgbẹ́, kò gba ìdọ̀tí. Ní B, ìlà tó tinrín tó 3 µm tàbí kéré jù bẹ́ẹ̀ kò ní ìwọ̀n iye. Èyí tó ju 3 µm lọ, a kò gbà á rárá. Àmì tí kò tó 2 µm kò ṣe nǹkan. Láti 2 dé 5 µm, márùn-ún péré. Èyí tó ju 5 µm, a kò gbà á. Ní C, iye yòówù ni a gbà. Ní D, kò gbọdọ̀ sí ohun tó tó 10 µm, ìdí rẹ̀ sì ni pé àpáta kékeré níbẹ̀ máa ń gbé ferrule méjì kúrò lára ara wọn. Eruku tí kò sún mọ́ core rárá lè fi afẹ́fẹ́ sáàárín core méjì. Àwọn tó ń wo àárín nìkan kì í rí èyí.

Bí ẹ ṣe lè dá ohun tí ẹ rí mọ̀ nìyí. Eruku dúdú, etí rẹ̀ mú, ó sì ń kúrò nípò lẹ́yìn nínù. Ọ̀rá ìka ọwọ́ rí bí àbàwọ́n eérú, etí rẹ̀ ń ṣá lọ díẹ̀díẹ̀. Ọtí tí a kò nù gbẹ ń fi òrùka sílẹ̀, bí omi tó gbẹ sójú tábìlì. Ìlà jẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn, ó lè funfun tàbí kó dúdú. Ihò ọgbẹ́ dúdú, kì í sún. Bí etí cladding bá ya bí eyín tó kán, tí yíya náà kò wọ inú lọ, ó lè máa ṣiṣẹ́. Bí ó bá ní ìlà tó ń gba àárín kọjá, gíláàsì náà ti sán.

Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá àmì kan wà lára fáíbà tàbí lára gíláàsì máíkírósíkóòpù yín, ẹ yí kọnẹ́kítọ̀ náà. Bí àmì bá bá a yí, ara fáíbà ló wà. Bí ó bá dúró síbi tó wà, ẹ nu máíkírósíkóòpù. Bí ẹ bá sì nu fáíbà ní ìgbà mẹ́ta tí àmì kan kò kúrò níbi tó wà, ẹ mú un gẹ́gẹ́ bí ọgbẹ́.

Nínù rẹ̀

Nínù gbígbẹ ni a kọ́kọ́ ń ṣe. Pẹ́ẹ̀nì ìnu-fáíbà: ẹ fi í sínú ẹnu adápítọ̀ tààrà, ẹ tì í títí yóò fi dún “kọ́” lẹ́ẹ̀kan, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un wò. Fún kọnẹ́kítọ̀ tó wà ní ọwọ́ yín, ẹ fa ojú rẹ̀ lórí aṣọ ìnu sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ó tó bí ìka kan ní gígùn, kí ẹ má sì padà sójú ibi tí ẹ ti nù. Bí ìdọ̀tí kò bá lọ, ẹ lo ọtí: ẹ ta ìkán kan sí apá kan aṣọ, kí ìdajì kejì gbẹ. Ẹ fa ojú fáíbà láti ibi tó rọ̀ wá sí ibi tó gbẹ. Ìkán kan ti tó. Bí ó bá pọ̀, yóò ṣàn lọ sínú kọnẹ́kítọ̀, yóò gbé ọ̀rá jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé ìdọ̀tí ń hù.

Ní àkókò ọyẹ́, nínù gbígbẹ nìkan lè máa bí yín nínú. Afẹ́fẹ́ ti gbẹ, aṣọ tó ń ha sẹ̀rámíìkì yóò sì mú kí ó máa fa eruku mọ́ra, bí kóòmù ṣe ń fa ègé bébà lẹ́yìn tí a bá fi ya irun. Ní àkókò yìí, ẹ fi ọtí díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, torí ó ń mú fífà yẹn kúrò. Àpótí orí òpó tí ẹ ṣí, ẹ má fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí nígbà tí ẹ bá ń wá nǹkan nínú ọkọ̀.

Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ojú fáíbà, ẹ má fi etí ẹ̀wù nù ún, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìdérí. Ìdérí rọ́bà tàbí páláṣítììkì wà láti dáàbò bo ojú náà kí nǹkan má gbá a; inú rẹ̀ kò mọ́. Fáíbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ọ̀rá ilé iṣẹ́ náà ni kí ẹ wò kí ẹ tó fi í sínú ibi kankan.

Kọnẹ́kítọ̀ tó wà lẹ́yìn páńẹ́ẹ̀lì tún ń bẹ. Bí ẹ bá nu tiyín dáadáa, tí ẹ sì tì í lu ti inú tó dọ̀tí, ìdọ̀tí á pín sí méjèèjì, ìfúnpá sípíríǹgì á sì tẹ̀ ẹ́ wọ inú gíláàsì. Àwọn ìhò kéékèèké tí ẹ ń rí lójú patch cord àtijọ́, bí wọ́n ṣe ń wáyé nìyẹn.

Wíwọn bí wọ́n ṣe kojú ara wọn

Ìgbà tí ojú méjèèjì bá ti mọ́, tí àkọ̀ sì dára, lẹ lè béèrè bóyá core yẹ̀. Ẹ so orísun ìmọ́lẹ̀ mọ́ patch cord àwòkọ́ṣe, ẹ so ìdí kejì mọ́ power meter, ẹ fi sí 1310 nm, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀: ká ní −7.00 dBm. Ẹ má fọwọ́ kan ibi tó wọ orísun ìmọ́lẹ̀ mọ́. Ẹ yọ ọ́ lára mítà, ẹ fi adápítọ̀ so ó mọ́ patch cord tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò, kí ẹ sì so ìdí tó ṣẹ́ kù mọ́ mítà. Bí ó bá ka −7.22, àdánù ojú kojú yẹn jẹ́ 0.22 dB. Ẹ ṣe é ní 1550 nm pẹ̀lú, torí àfiwé náà ń sọ̀rọ̀.

Ní 1550 nm, ìmọ́lẹ̀ inú fáíbà fẹ̀ sí i, ó tó 10.4 µm, torí náà yíyẹ̀ kan náà kò dun ún tó: 1 µm tó gba 0.2 dB ní 1310 yóò gba nǹkan bíi 0.16 dB ní 1550. Fáíbà tí a tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́, ìdàkejì ló ń ṣe: àdánù rẹ̀ ń pọ̀ gan-an ní 1550. Bí 1310 bá burú díẹ̀ ju 1550 lọ, ẹ wo kọnẹ́kítọ̀. Bí 1550 bá burú jù, ẹ wá ibi tí okùn ti ká jù, tàbí tí wọ́n ti dè é mọ́ nǹkan.

Ẹ yọ ọ́, ẹ tún un kì, ní ìgbà márùn-ún, kí ẹ sì kọ gbogbo iye náà sílẹ̀. Bí wọ́n bá sún mọ́ra, ká ní láàárín 0.1 dB síra wọn, àmọ́ tí gbogbo wọn ga, ọ̀rọ̀ náà wà nínú ferrule: ihò rẹ̀ kò wà ní àárín, tàbí fáíbà kò wà ní àárín ihò. Bí wọ́n bá ń fò sókè sódò, 0.2 lẹ́ẹ̀kan, 0.7 lẹ́ẹ̀kejì, àkọ̀ ni kí ẹ mú, tàbí ìdọ̀tí tó ń sún kiri. Ẹ pààrọ̀ adápítọ̀ kí ẹ tó pààrọ̀ patch cord.

Ibí ni etí kọnẹ́kítọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ihò ferrule single-mode lè fẹ̀ tó 126 µm, fáíbà tó wọ inú rẹ̀ sì lè kéré tó 124.3 µm. Fáíbà bẹ́ẹ̀ lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó fi 0.85 µm kúrò ní àárín. Ká ní kọnẹ́kítọ̀ méjì ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 0.7 µm yẹ̀. Bí méjèèjì bá yẹ̀ sí apá kan náà, wọ́n ṣì kojú ara wọn, kò sí àdánù. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ sókè tí èkejì yẹ̀ sísàlẹ̀, 1.4 µm ni, ó sì di 0.4 dB. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ tó dára fi ń yí ferrule kí wọ́n tó tì í pa, kí yíyẹ̀ gbogbo kọnẹ́kítọ̀ lè wà ní apá etí. Ìdí náà ló sì fi jẹ́ pé kọnẹ́kítọ̀ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yege pẹ̀lú patch cord àwòkọ́ṣe lè má bára wọn mu.

Ní ti iye tí a gbà: Grade B nínú ìlànà IEC 61755 ń béèrè ìpíndọ́gba 0.12 dB, kí 97 nínú ọgọ́rùn-ún má ju 0.25 dB lọ. Ìlànà TIA-568 gbà tó 0.75 dB fún ojú kojú kan. Lójú tiwa, 0.75 ti pọ̀ jù. Patch cord tuntun tó bá ju 0.3 lọ lẹ́yìn nínù àti adápítọ̀ tuntun, ẹ dá a padà. Ní orí ìlà tó ti wà, ẹ má fi ohun tó ju 0.5 sílẹ̀. Lójú ọ̀nà GPON láti OLT dé ilé, ìmọ́lẹ̀ ń kọjá ojú kojú mẹ́rin, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, splitter oní-32, tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà 32, nìkan sì ti gba ju dB 15 lọ kí a tó ka ti okùn.

Kọnẹ́kítọ̀ tí a ń ṣe lórí òpó

Fast connector tí a ń lò fún okùn tó ń wọ ilé ní ojú kojú méjì: ọ̀kan tí ẹ ń rí, ọ̀kan nínú ara rẹ̀, níbi tí fáíbà tí ẹ gé ti pàdé ègé fáíbà tí ilé iṣẹ́ ti dì mọ́ ferrule, pẹ̀lú jẹ́ẹ̀lì láàárín. Máíkírósíkóòpù kò lè rí ti inú, ó sì jẹ́ pé òun ló ń bàjẹ́ jù. Gígé rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ pátápátá, kò gbọdọ̀ dagun ju dígírì 1 lọ, nítorí náà ẹ pààrọ̀ ojú ọ̀bẹ cleaver nígbà tó bá yẹ. Ẹ fi ọtí nu fáíbà kí ẹ tó gé e. Lẹ́yìn gígé, ẹ má tún nù ún, ẹ má sì jẹ́ kí orí rẹ̀ kan nǹkan. Gígùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n tó wà lára ohun ìwọ̀n tí wọ́n kó pẹ̀lú kọnẹ́kítọ̀ náà mu. Bí fáíbà bá ti kan ègé inú, ẹ tì í síwájú díẹ̀ títí yóò fi tẹ̀ bí ọrun lẹ́yìn kọnẹ́kítọ̀, kí ẹ tó tì í pa. Títẹ̀ yẹn ló ń sọ fún yín pé wọ́n fara kanra.

Ẹ fi VFL tan iná pupa sí i. Níbi tí ara kọnẹ́kítọ̀ bá ti gba ìmọ́lẹ̀ kọjá, pupa tó ń tú jáde gidigidi jẹ́ àmì pé àlàfo wà nínú. Bí fáíbà bá kan ara wọn, ó máa ń rọlẹ̀. Ẹ má wo orí VFL tàbí ẹnu fáíbà tó ń tàn tààrà.

Bí fast connector bá ń ṣe dáadáa ní òwúrọ̀ tí ó ń yẹ̀ ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn ti mú àpótí gbóná, fáíbà náà ti ń fà sẹ́yìn nínú rẹ̀. Kò sí nínù tó lè wò ó sàn. Ẹ gé e, kí ẹ tún un ṣe.

MPO àti ojú tí wọ́n ń wọn nílé iṣẹ́

MPO ń kó fáíbà méjìlá sójú kan, pẹ̀lú 250 µm láàárín ọ̀kan sí èkejì. Kò ní àkọ̀. Ìṣó méjì tó nípọn tó 0.7 mm ló ń tọ́ ọ sọ́nà. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìṣó, èkejì ihò. Bí ẹ bá so oníhò méjì pọ̀, wọn yóò wọ adápítọ̀, wọn yóò dún, kò sì ní sí ohun tó mú wọn kojú ara wọn. Ẹ wo ìṣó náà bóyá ó tẹ̀, kí ẹ sì tan iná sínú ihò rẹ̀.

Bí ojú fáíbà bá mọ́ bí àwòrán, tí ferrule dára, tí àkọ̀ jẹ́ tuntun, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń padà sẹ́yìn síbẹ̀, ìrísí ojú náà ni ó kù. Ẹ̀rọ interferometer ní ilé iṣẹ́ ló ń wọn bí ojú náà ṣe yípo (fún ojú ferrule 2.5 mm tí kò dagun, ìyípo rẹ̀ yẹ kí ó wà láàárín 10 sí 25 mm), bí góńgó rẹ̀ ṣe jìnnà sí core (kò yẹ kí ó ju 50 µm lọ), àti bóyá gíláàsì ti wọ inú sẹ̀rámíìkì jù. Bí góńgó bá jìnnà sí core, sẹ̀rámíìkì ló ń kan sẹ̀rámíìkì, core kò ní kan core. Ẹ kò lè tún ìyẹn ṣe lójú òpó.

Ẹ tọ́jú àwòrán ojú fáíbà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà ẹnu rẹ̀ lórí páńẹ́ẹ̀lì, ọjọ́, àti iye dB ní 1310 àti 1550; nígbà tí wọ́n bá pè yín padà, ẹ ó lè mọ̀ bóyá ọgbẹ́ tí ẹ ń rí jẹ́ tuntun. Patch cord tí agbègbè A rẹ̀ bá ní ọgbẹ́, ẹ gé orí rẹ̀ méjèèjì kúrò níbẹ̀ gan-an kí ẹ tó jù ú sínú garawa. Bí orí rẹ̀ bá wà, ẹnìkan yóò tún mú un lò, yóò sì fi ṣá ojú mìíràn lọ́gbẹ́ lẹ́yìn páńẹ́ẹ̀lì.